Ògiri Ọ̀gá Kì Í Sán

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ilé ìjọsìn ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ilé wò ni. Bí ẹ bá kọ́lé nílùú tó wà, ẹ ò gbọdọ̀ kó wọ inú rẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á fi wá wo ìpìlẹ̀, tí wọ́n á fọwọ́ kan ògiri, tí gbogbo wọn á sì fọwọ́ síwèé pé ilé náà ò ní wó pa ènìyàn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ọ̀gá tó ń darí rẹ̀ sì tóbi ju iṣẹ́ náà lọ, lójú ara rẹ̀.

Oyè tí ọ̀gá yìí fi ara rẹ̀ jẹ pọ̀ débi pé pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ò gbà á mọ́, wọ́n ní láti kan pátákó kejì mọ́ ọn. Olùdarí Àgbà. Ojú Tí Ń Rí Ìpìlẹ̀. Baba Gbogbo Ògiri. Ọ̀tá Ilé Wíwó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, Digbí làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, torí pé "ó dúró digbí" ló fi ń parí ọ̀rọ̀ gbogbo, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ ikùn rẹ̀ tó máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Láràárọ̀, bí ọkọ̀ Digbí bá ti dé géètì, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde, wọ́n á tò sí gbọ̀ngàn. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n sọ ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà, á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọmọ tuntun. Digbí á lọ dúró lábẹ́ àwòrán ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, báwo nilé wa?"

"Ó dúró digbí!"

"Mi ò gbọ́ o!"

"Ó dúró digbí, sà!"

Digbí á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Á dákẹ́, wọ́n á dákẹ́. Ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan kọjá tọ̀gá, á bá kúẹ́rì lórí tábìlì rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá rèé: lẹ́yìn àwòrán yẹn, ògiri ti sán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ògiri aráyé wò, ògiri tirẹ̀ ló sán. Ó bẹ̀rẹ̀ bíi fọ́nrán irun kan, Digbí sì fi àwòrán kékeré kan bò ó. Nígbà tó yọrí lókè àwòrán, Digbí ní kí wọ́n ya òmíràn tó tóbi jù ú lọ. Ó tún yọ ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n tún ya òmíràn. Nígbà tí ìtàn wa fi máa bẹ̀rẹ̀, àwòrán ti ga ju ènìyàn lọ, Digbí dúró nínú rẹ̀ látorí dé bàtà, ó ti ọwọ́ kan bàpò bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Àwọn ènìyàn ń wo àwòrán tó ń dàgbà bí ọmọ, kò sì sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ pé kí ló ń jẹ.

Àsìkò yìí ni obìnrin kan gba iṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Àǹtí Tépù, torí tépù ìwọnlé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè máa bá ọ sọ̀rọ̀ kó máa wọn tábìlì rẹ. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n máa fi wò ó. Bó bá ṣe é dáadáa, wọ́n á fún un níwèé pé iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Ó sì nílò ìwé yẹn gidigidi. Ọkọ rẹ̀, bíríkìlà tí wọ́n ń fi ọwọ́ rẹ̀ yangàn tẹ́lẹ̀, ti ń jókòó sílé láti ọdún méjì, nítorí pé ògiri kan wó lé e lẹ́sẹ̀. Obìnrin yìí nìkan ló ń gbọ́ bùkátà ilé, ọmọ mẹ́ta sì ń wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ń ké "Ó dúró digbí", ojú Àǹtí Tépù wà lára eruku funfun tó ń kán láti ẹ̀gbẹ́ àwòrán sí èjìká ọ̀gá. Kò mọ̀ pé òun nìkan lòun ò dáhùn, àfìgbà tí orí mọ́kànlá yí sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò bínú o. Wọ́n kàn ń wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó gbé ṣòkòtò wọ̀ sọ́rùn. Ẹnu rẹ̀ là fúnra rẹ̀.

"Ó... ó dúró digbí, sà."

Lẹ́yìn ìpàdé, àgbàlagbà tó ń tọ́jú fáìlì, Bàbá Fáìlì, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ṣó o fẹ́ pẹ́ níbí?"

"Mo fẹ́ pẹ́, sà. Ṣùgbọ́n ògiri yẹn..."

"Ògiri wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn àwòrán, sà. Ó ti sán."

Bàbá Fáìlì wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Nílé iṣẹ́ yìí, a kì í fi ojú wo nǹkan. Ẹnu ẹnì kejì wa là ń wò. Bó bá là, kó o la tìẹ. Bó bá pa dé, kó o pa tìẹ dé."

"Ṣé ẹ̀yin ò rí i ni, sà?"

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹlòmíì tó rí i. Ṣé èmi nìkan ló wá yẹ kí n gbọ́n ju gbogbo ilé lọ ni?"

Ẹ gbà mí o! Mọ́kànlá ni wọ́n, oníkálukú ló sì gbà pé òun nìkan lojú ń tàn jẹ.

Kí n má parọ́ fún yín, Àǹtí Tépù náà kọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òun ló ń kọ́kọ́ ké e. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé kò nira rárá. Ohùn rẹ̀ á bọ́ sáàárín ohùn àwọn tó kù, ara á sì tù ú bí ẹni tó bọ́ sábẹ́ ibòji. Ó di ìgbà tó bá délé, tó bá rí ọkọ rẹ̀ tó ń fa ẹsẹ̀ lọ sí balùwẹ̀, kí ojú tó tì í.

Àmọ́ ẹsẹ̀ kì í gba kúẹ́rì. Ẹnu àwọn ènìyàn yìí ń sọ ti ọ̀gá, ẹsẹ̀ wọn ń ṣe tara wọn. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ló kọ́kọ́ sún tábìlì rẹ̀ díẹ̀ kúrò lẹ́bàá ògiri, ó ní oòrùn ń pa òun lójú. Àǹtí tó ń tẹ̀wé ní òun fẹ́ súnmọ́ fáànù. Ẹlòmíì ní etí òun kan ò gbọ́ràn dáadáa, òun fẹ́ gbọ́ agogo ẹnu ọ̀nà. Díẹ̀díẹ̀, ìka mẹ́rin lónìí, ìka mẹ́rin lọ́la, nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, gbogbo tábìlì ti kó jọ sẹ́nu ọ̀nà. Orúnkún ń gbá orúnkún, bí ẹnìkan bá sín, ẹni mẹ́ta á nu ojú. Ìdajì gbọ̀ngàn sì ṣófo, mọ́tò lè yí po níbẹ̀. Tábìlì Bàbá Fáìlì nìkan ló kù lábẹ́ ògiri, torí pé kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó kó fáìlì sí wúwo, kò ṣeé sún.

Digbí rí i. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ?

"Ìfẹ́ nìyí! Ẹ wo bí àwọn ènìyàn mi ṣe fẹ́ràn ara wọn, wọn ò lè jìnnà síra!" Ó kọ̀wé ojú ewé mẹ́rin sí Mínísítà lórí ìfẹ́ tó wà nílé iṣẹ́ òun.

Àǹtí Tépù ní àṣírí kan tirẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí àwọn yòókù bá ti ń dì láti lọ sílé, á yọ́ gbé etí àwòrán sókè, á fi pẹ́ńsùlù fàlà síbi tí ògiri sán dé, á kọ ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kejì, ọmọńdinrín rẹ̀ wọ ibẹ̀. Ní oṣù kẹrin, àtàǹpàkò rẹ̀ wọ ibẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù karùn-ún ni Digbí pe ìpàdé tó gbé gbogbo nǹkan dé.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ta ló ga jù mí lọ nínú ilé yìí?"

"Kò sí, sà!"

"Irọ́ lẹ pa! Òrùlé ga jù mí lọ!" Ó nàka sókè, gbogbo wọn sì wòkè pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni pé òrùlé bú wọn ní baba. "Èmi, Baba Gbogbo Ògiri, kí òrùlé máa tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ láràárọ̀! Ó parí! A máa kọ́ ọ́fíìsì tuntun fún mi lórí ilé yìí, lórí ògiri yìí gan-an. Àga mi á sì wà níbẹ̀. Síméǹtì la máa fi mọ ọ́n, kó má baà sẹ́ni tó lè gbé e kúrò lábẹ́ mi láéláé. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́!"

Bẹ́ẹ̀-ni-sà ní ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù. Àǹtí tó ń tẹ̀wé ní òun ti lá a lálàá. Ọwọ́ Àǹtí Tépù gbéra, ó dé èjìká, ó dé etí. Ó wo àwọn tó kù. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Ọwọ́ tó yẹ kó nà, orí ló fi họ.

Wọ́n kọ́ ọ́fíìsì òkè. Wọ́n mọ àga. Oṣù kẹfà ń parí lọ, ó ku ọjọ́ kan kí Mínísítà wá ṣí i. Ṣùgbọ́n òfin ilé iṣẹ́ náà ni pé gbogbo àwọn méjìlá gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kí ẹnikẹ́ni tó wọlé tuntun. Mọ́kànlá ti fọwọ́ sí i. Àbúrò gbogbo wọn lẹ́nu iṣẹ́ ló kù.

Bẹ́ẹ̀-ni-sà gbé ìwé méjì wá fún un, ó fi pín-ìnnì kan ṣoṣo gún wọn pọ̀.

"Àǹtí, tòkè yìí nìwé ògiri. Tìsàlẹ̀ nìwé iṣẹ́ yín, ọ̀gá ti fọwọ́ sí i. Ẹ fọwọ́ sí tòkè, kẹ́ ẹ mú tìsàlẹ̀."

"Ṣé mo lè ronú sí i?"

"Kí lẹ fẹ́ ronú sí? Àwa mọ́kànlá ti bá yín ronú. Lọ́la, lójú Mínísítà, lẹ máa fọwọ́ sí i, kó lè ya fọ́tò."

Nílé, ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ tí kò sàn.

"Méjìlá ló máa ń fọwọ́ sí i, àbí?"

"Méjìlá ni."

"Ògiri tó wó lé mi náà, méjìlá ló fọwọ́ sí i. Mo máa ń ro ti ẹni tó kẹ́yìn wọn. Àwọn mọ́kànlá ti kọ tiwọn kí ìwé tó dọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò bínú sí i o. Mo kàn máa ń rò ó bóyá ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n."

"Bí mi ò bá fọwọ́ sí i, kí la máa jẹ, bàbá àwọn ọmọ mi?"

"Mi ò mọ̀," lọkùnrin náà wí.

Ọjọ́ pé. Mínísítà dé, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n gbé e jókòó síwájú àwòrán. Digbí dìde, ó tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká.

"Mínísítà tó níyì jù lọ! Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ sọ kí n tó sọ̀rọ̀. Ògiri tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí kì í ṣe ògiri. Ìwà mi ni! Bí mo ṣe dúró ló ṣe dúró! Ìjì jà, kò mì. Òjò rọ̀, kò rin. Àwọn ọ̀tá wòye, ojú tì wọ́n..."

Ibi tó dé nìyẹn tí aláǹgbá kan fi yọrí lẹ́yìn àwòrán. Ó gba ẹ̀gbẹ́ etí Digbí inú àwòrán jáde, ó gun iwájú orí rẹ̀, ó dúró. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé òun náà fara mọ́ ohun tí ọ̀gá wí. Òṣìṣẹ́ kẹtàlá. Gbogbo gbọ̀ngàn rí i, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó mira. Bẹ́ẹ̀-ni-sà pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Aláǹgbá kejì jáde wá wo ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Mínísítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ògiri tí kò bá lanu..."

Ó dákẹ́, ó ń retí kí wọ́n bá òun parí rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi, ta ni ò mọ ìparí òwe yẹn? Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì mọ ẹ̀tàn á parí rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n oníkálukú ń wo ẹnu ẹnì kejì rẹ̀. Òógùn ń ṣàn lójú Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Níkẹyìn ó ké jáde: "Ògiri tí kò bá lanu... ó dúró digbí, sà!"

"Ó dúró digbí!" Gbogbo wọn gbè é, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ẹ ò rí nǹkan!" Digbí bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí Tépù! Wá fọwọ́ síwèé, kí Mínísítà rí i pé ẹnu wa kò nílé yìí!"

Àǹtí Tépù jáde. Ìwé méjèèjì wà lórí tábìlì, pín-ìnnì kan ló gún wọn pọ̀. Ó mú kálámù, ó gbé e dé orí ìwé. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n.

Ó gbé kálámù kalẹ̀. Ó nàka sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán.

"Aláǹgbá kì í ráyè wọ ibẹ̀," ó wí. "Ìparí òwe yín nìyẹn, sà. Ibi táwọn aláǹgbá yẹn gbà wọlé fẹ̀ tó àtàǹpàkò mi. Mo wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá gbé àwòrán yẹn kúrò, ẹ máa rí ọjọ́ tí mo kọ sí i."

"Ta ni ẹ́?" Digbí bú ramúramù. "Ẹni oṣù mẹ́fà! Mọ́kànlá ló fọwọ́ sí i! Ṣé ojú mọ́kànlá ló fọ́, tìẹ nìkan ló là?"

Mínísítà ò bá a jiyàn. Ó yíjú wo àwọn tábìlì. "Kí ló dé tí tábìlì yín fi kó jọ sẹ́nu ọ̀nà?"

"Ìfẹ́ ni, sà! Mo kọ̀wé sí yín nípa rẹ̀."

"Mo rí i gbà. Ó dáa. Ọ̀gá, àga yín wà lókè, àbí? Ẹ gòkè lọ, kẹ́ ẹ jókòó lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwa á máa pàtẹ́wọ́ fún yín níta. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, èmi fúnra mi á fọwọ́ síwèé dípò obìnrin yìí."

Digbí rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́, wọ́n dákẹ́. Ó lọ sídìí àtẹ̀gùn. Ó gun ọ̀kan. Ó gun èkejì. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀kẹta, ògiri dún kẹ̀ẹ̀ẹ̀, eruku funfun kan kán sórí fìlà rẹ̀. Ó dúró.

"Orúnkún ń dùn mí," ó wí.

"Tèmi náà, sà," Bẹ́ẹ̀-ni-sà dáhùn kó tó mọ ohun tó sọ.

Baba Gbogbo Ògiri sì sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn rìn, ìka mẹ́rin, ìka mẹ́rin, títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà láàárín tábìlì àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Áà! Ó mọ̀! Ọkùnrin yìí ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ gbé àwòrán kékeré yẹn kọ́! Òun náà ń wo ẹnu wọn ni. Bí wọ́n bá ti ké e, á gbà á gbọ́ di ọjọ́ kejì.

Kó tó dìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ní ọ̀sán gangan, ògiri wó fúnra rẹ̀, ó sì fọ́ tábìlì Bàbá Fáìlì sí méjì. Kò sẹ́nìkan nínú ilé. Àga síméǹtì já bọ́ sínú àgbàlá láìfọ́, ewúrẹ́ aládùúgbò ló ń sùn lórí rẹ̀ báyìí. Nígbà tí Digbí wá kó ẹrù rẹ̀, ó dúró níwájú géètì, ó ké bí ó ti máa ń ké: "Ẹ̀yin ènìyàn mi, báwo nilé wa?" Mẹ́gáàdì ò tiẹ̀ dìde.

Àwọn mọ́kànlá ńkọ́? Háà, ẹ ò bá gbọ́ wọn! "Mo ti ń sọ ọ́!" "Ṣé mi ò sọ ọ́?" Bẹ́ẹ̀-ni-sà ní torí kí Mínísítà lè fura lòun ṣe sún tábìlì òun.

Mínísítà fi Àǹtí Tépù ṣe adelé ọ̀gá. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ọkọ rẹ̀ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sunkún. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá tuntun kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ wọn ilé kan. Ó na tépù sára ògiri, ó yára kà á: "Ẹsẹ̀ mẹ́wàá." Gbogbo wọn kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ti ń lọ kí ọkàn rẹ̀ tó ní kó padà. Ó tún un wọ̀n. Ẹsẹ̀ méjìlá ni. Ó yíjú sí wọn.

"Mo ṣì í kà. Kì í ṣe mẹ́wàá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró tì mí, ta ló rí i?"

Wọ́n ń wo ẹnu ara wọn. Ìgbà tó pẹ́, Bàbá Fáìlì rọra nawọ́, ọwọ́ náà ń gbọ̀n.

"Èmi rí i, ọmọ mi. Méjìlá ni mo rí. Mo... mo kọ mẹ́wàá."

Inú Àǹtí Tépù dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an."

Àwọn tó kù rí i pé ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ojú ẹsẹ̀ lọwọ́ mẹ́wàá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, Bẹ́ẹ̀-ni-sà na méjèèjì.

"Àwa náà rí méjìlá, ọ̀gá!"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu obìnrin náà. Ó dúró pẹ̀lú tépù lọ́wọ́, ó ń wo àwọn ọwọ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì mọ èwo nínú wọn ló rí i lóòótọ́.